Àwo Ẹja Orville

Kóòṣì Combs ní kí Loretta kọ ọ́ sínú ìwé pé akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ni Bojan. Loretta gbójú sókè, ó wo akẹ́kọ̀ọ́ náà. Ó ga débi pé ó ní láti tẹrí ba kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì wọlé. Irun ti ń sá kúrò níwájú orí rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ dúró sẹ́yìn rẹ̀, ọmọ méjì sì ń fa ṣòkòtò rẹ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi gbowó oṣù nídìí bọ́ọ̀lù agbọ̀n ní Serbia, kó tó dédé rí i pé ìwé kíkà lọkàn òun ń fà sí, àti pé Kentucky nìkan ni wọ́n ti ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀.

"Ọmọ ọdún mélòó ni?" Loretta béèrè.

"Ọmọdé ni," Kóòṣì dáhùn. "Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n péré."

Loretta Stidham ni alábòójútó òfin eléré ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Laurel Gap ní Kentucky. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti wà nídìí ẹ̀, gbogbo wọn sì ń pè é ní Ìyá Òfin. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fẹjọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn sun àjọ tó ń darí eré náà. Bí kóòṣì bá fi fóònù pe ọmọ kan lọ́jọ́ tí kò yẹ, á kọ lẹ́tà. Bí ẹnì kan bá fún eléré ní búrẹ́dì tó ní bọ́tà lórí, nígbà tó jẹ́ pé búrẹ́dì lásán ni òfin gbà, á kọ lẹ́tà. Ẹni tó bá ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kékeré lójoojúmọ́, ta ni yóò bi í léèrè ńlá? Àjọ tilẹ̀ ti fún un ní àmì-ẹ̀yẹ onígíláàsì, ó sì gbé e kọ́ sára ògiri.

Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà yẹn ń dùn ún. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ìyá àgbà tó tọ́ Tavion Mabry dàgbà kú. Ọmọ náà kò ní ọkọ̀ tí yóò gbé e délé. Orville Napier, tó ń ta mọ́tò, tó sì fẹ́ràn ẹgbẹ́ wọn bí ẹ̀mí ara rẹ̀, gbé e lọ síbi ìsìnkú, ó sì ra àwo ẹja díndín kan fún un lọ́nà. Loretta gbọ́, ó kọ lẹ́tà, nítorí òfin kò gbà kí eléré gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ olólùfẹ́ ẹgbẹ́. Àjọ fi ọdún kan gbáko dá Tavion dúró. Ní báyìí, ọdún mẹ́rin tí òfin gbà kí eléré fi gbá bọ́ọ̀lù ti pé fún un, ó wá ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dá ọdún tó sọnù yẹn padà kí òun lè gbá bọ́ọ̀lù kóun tó gboyè. Àjọ ní rárá, wọ́n ní òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀.

Wọ́n ní rárá fún Bojan náà, nítorí owó oṣù tó ti gbà nídìí bọ́ọ̀lù. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Bojan ga ju ilẹ̀kùn lọ. Kíá ni Kóòṣì ní kí Loretta kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sílé-ẹjọ́. Ó kọ ọ́, ó sì rọra fi orúkọ Tavion sábẹ́ ti Bojan láìsọ fẹ́nikẹ́ni.

Adájọ́ Tackett, tí ìjókòó rẹ̀ ní pápá ti wà lẹ́yìn Kóòṣì gan-an láti ogún ọdún, gbọ́ ẹjọ́ náà láìṣe ojúsàájú kankan. Kọ́là aṣọ ẹgbẹ́ wọn ń yọ lábẹ́ aṣọ adájọ́.

"Dìde, ọmọ mi." Bojan ń dìde, ó tún ń dìde. "Háà! Ṣé irú ọmọdé báyìí ni wọ́n fẹ́ fẹ̀tọ́ ẹ̀ dù? Ìkà ènìyàn!"

Ó buwọ́ lùwé láìkà á dópin. Báyìí ni Tavion ṣe rí ọdún rẹ̀ gbà padà.

Loretta sáré bá Kóòṣì níta. "Kóòṣì, Tavion náà ti lẹ́tọ̀ọ́ láti gbá bọ́ọ̀lù o!"

"Ó ṣeun, ó káre. Àmọ́ àyè ti kún, Ìyá Òfin. Ẹni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni wọ́n gbà wá láyè. Ta lẹ rò pé mo fún ní àyè Tavion?" Ó fẹnu tọ́ka sí Bojan.

Inú bí Loretta débi pé kò lè jẹun alẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí i tí Orville fi mọ́tò rẹ̀ gbé Bojan àtìyàwó àtọmọ dé. Àwọn ọmọ náà gbé àwo ẹja díndín dání, wọ́n ń lá ìka. Ara Loretta yá gágá. Orville ti lẹ àwòrán Bojan mọ́ pátákó ìpolówó létí títì, ó sì ń sanwó fún un, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, iṣẹ́ ni. Kéèyàn ṣàánú fúnni lẹ́ja lẹ̀ṣẹ̀. Adájọ́ kò sì dárúkọ ẹja nínú àṣẹ rẹ̀. Loretta wá lẹ́tà ọdún méjì sẹ́yìn jáde, ó pa orúkọ Tavion rẹ́, ó fi ti Bojan rọ́pò. Bí lẹ́tà yẹn bá ti lọ, Bojan á jókòó sílẹ̀, àyè á sì ṣí. Ó ránṣẹ́ pe Tavion kó wá fojú ara ẹ̀ rí i.

Tavion rọra kà á tán.

"Mà, ṣé àwọn ọmọ yẹn jẹ ẹja náà tán?"

"Ewo ni tẹja? Àyè ẹ ni mò ń bá ẹ wá!"

"Ebi ń pa wọ́n, ẹnì kan fún wọn lóúnjẹ. Ebi ló ń pa èmi náà lọ́jọ́ yẹn. Mi ò tíì fẹnu kan nǹkan kan látìgbà tí wọ́n ti pè mí pé Màmá kú." Ó fìka lé ìlà kan. "Ẹ wobí. 'Wọ́n gbé e lọ sóde ẹbí.' Ohun tẹ́ ẹ kọ nípa mi nìyẹn, ìsìnkú lẹ pè ní òde. Ẹ gbàgbé láti pa á rẹ́. Mo fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, mà, Ọlọ́run mọ̀. Àmọ́ ẹ má ṣe é fún ẹlòmíì nítorí mi."

Ojú ti Loretta. Nínú gbogbo lẹ́tà ọdún mọ́kàndínlógún, kò sí ọ̀kan tó fi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ya ìwé náà sí méjì.

"Kí lorúkọ màmá àgbà ẹ?"

"Odessa."

Ó mú ìwé mìíràn, ó kọ Odessa sókè, níbi tó máa ń kọ orúkọ Àjọ sí. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ pé ìsìnkú ni wọ́n gbé ọmọ náà lọ, àti pé òun, Loretta Stidham, ló ṣẹ̀.