Agolo Orí Ẹ̀rọ Atẹ́gùn

Ó di ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ọdún Ògún tí ohun kan ti ń da Ojúọlá láàmú: ẹ̀rọ atẹ́gùn ọkọ rẹ̀ kò sín mọ́.

Bí ènìyàn bá ti Ìkàrẹ́ ń bọ̀ ní Ọ̀kà, tó kù díẹ̀ kó dé Ìwárò, yóò rí táyà tírélà kan tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn, tó dúró ní etí títì. Ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù Ojúọlá. Ọkọ rẹ̀, Bàbá Fadékẹ́, ló dá a sílẹ̀, ó sì lẹ táyà níbẹ̀ ju ogún ọdún lọ kí àìsàn tó mú un lọ ní ìparí ọdún tó kọjá. Ojúọlá ti ń bá a ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí Fadékẹ́ ti kúrò lẹ́yìn rẹ̀, débi pé nígbà tí ọkùnrin náà lọ, ọwọ́ obìnrin náà ti mọ iṣẹ́ yìí dunjú. Àwọn awakọ̀ tó ń ná Ìfira àti Sósàn kò wá ẹlòmíràn lọ.

Ẹ̀rọ atẹ́gùn yẹn, tí àwọn awakọ̀ ń pè ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, òun ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Táǹkì irin pupa ni, ó sùn gbalaja bí ẹlẹ́dẹ̀ tó yó, ẹ́ńjìnnì elépo kékeré sì jókòó lé e lẹ́yìn. Lókè táǹkì, imú bàbà kan yọ síta, kò ju àtàńpàkò lọ, ó ní òrùka lórí. Bí atẹ́gùn bá ti kún inú táǹkì ju bó ti yẹ lọ, imú yìí á sín, fìn-ìn-ìn, àpọ̀jù á bá ibẹ̀ jáde, ara á sì tu irin. Aago tó yẹ kó máa sọ bí atẹ́gùn ṣe pọ̀ tó ti kú tipẹ́, ọwọ́ rẹ̀ dúró sójú kan bí ẹni tó ń ronú. Sísín yẹn ni tọkọtaya náà fi ń mọ̀ pé ó tó.

Àgbà ni Bàbá Fadékẹ́ sọ ẹ̀rọ náà. Láràárọ̀, kó tó fa okùn ẹ́ńjìnnì, á gbọ́wọ́ lé táǹkì, á kì í:

"Àgbà onínú gbọ̀ọ̀rọ̀,
Ò-mí-kanlẹ̀-gbé-tírélà-dìde,
Pupa bí ẹyìn tó pọ́n lókè Ọ̀kà,
Jẹ tìrẹ, má jẹ ẹni tó ń bọ́ ọ."

Ọmọ onígbàgbọ́ ni Ojúọlá, ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ àdúrà. Nígbà tí iṣẹ́ náà kù sí i lọ́wọ́, kò fi oríkì yẹn sílẹ̀. Ó kàn ń fi orúkọ Jésù parí rẹ̀ ni.

Ìdí tó fi ń bẹ̀rù kí nǹkan kan ṣe Àgbà kò fara sin. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ogójì ọjọ́ òkú, Ọdẹ́yẹmí, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ olórí ilé báyìí, ti sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí pé irin ìdílé ọdẹ ni ẹ̀rọ náà. Bí ó bá gbọ́ tìyàwó, kí ó máa lò ó. Ọjọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wàhálà, a jẹ́ pé kò fẹ́ ọwọ́ obìnrin nìyẹn, òun yóò sì gbé e lọ fún ọmọ àbúrò wọn kan tó ń lẹ táyà ní Sósàn. Láìsí Àgbà, kí ni Ojúọlá yóò máa fi bọ́ Fadékẹ́?

Ìdí nìyẹn tí kò fi sọ fún ẹnikẹ́ni pé Àgbà kò sín mọ́.

Lákọ̀ọ́kọ́, inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn. Atẹ́gùn kò ṣòfò mọ́. Raheem, tó ń fi takisí kó èrò lọ sí Ìkàrẹ́, ti fi í ṣẹ̀fẹ̀, ó ní, "Ìyá Fadékẹ́, kàtá Àgbà ti san. Oògùn wo lẹ fún un? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bu díẹ̀ fún ìyá ìyàwó mi, kò jẹ́ kí n sùn." Gbogbo èrò inú ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kẹta ni bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ti ń ké. Ẹ́ńjìnnì á máa kérora bí ẹni tó ru ẹrù gun òkè, hóòsì tí atẹ́gùn ń gbà jáde á le gbagidi bí igi. Lọ́jọ́ kan ẹnu hóòsì já mọ́ ọn lọ́wọ́, ó lọ lu abọ́ omi tó fi ń wá ibi tí táyà ti ń jò, abọ́ náà sì là sí méjì. Ojúọlá dúró, ó ń wo abọ́, ó ń wo Àgbà. Kò mọ èyí tí yóò bi léèrè.

Ohun tó tún da orí rẹ̀ rú ni ọ̀rọ̀ méjì tí kò bára mu. Bàbá Fadékẹ́ sọ lórí ibùsùn àìsàn pé, "Bó bá sín, má bẹ̀rù rẹ̀. Ọjọ́ tí kò bá sín ni kó o sá." Ọdẹ́yẹmí ní tirẹ̀ ti sọ lọ́jọ́ ọdún pé bí irin bá dákẹ́, Ògún ti gba ẹbọ nìyẹn. Èwo ni kó gbà? Ó gbàdúrà lórí rẹ̀ láàárọ̀ mẹ́ta, kò gbọ́ nǹkan kan ju ìró mọ́tò lọ. Ó wá dá ọgbọ́n kan: bó bá ti tan ẹ́ńjìnnì, á kì Àgbà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò ní yára, kò ní falẹ̀, lẹ́yìn náà á pa á, yálà ó kún tàbí kò kún. Ohun tó ń ṣe náà kò yé e. Ó ṣáà ń ṣe é.

Ohun kan tilẹ̀ wà tí ó ń gún un lọ́kàn láti ọjọ́ ọdún. Lọ́dọọdún tí wọ́n bá ń bọ irin, tí wọ́n fẹ́ da epo pupa sí gbogbo irinṣẹ́ lára, Bàbá Fadékẹ́ á kọ́kọ́ mú agolo mílíìkì kan lórí pákó, á fi dé imú Àgbà, kó tó jẹ́ kí wọ́n da epo. Tí wọ́n bá ṣe tán, á nu ara agolo, á gbé e padà. Kò sọ ìdí rẹ̀. Ojúọlá náà kò bi í, nítorí ọ̀rọ̀ Ògún kì í ṣe ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Nínú ọkàn rẹ̀, fìlà Ògún ló ń pe agolo yẹn. Nígbà tí ọdún tún dé, tí ọkọ kò sí mọ́, ó jí lọ sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, ó rí agolo níbi tó wà. Epo dídà, ti ilé ọkọ ni, kò lè dá wọn dúró. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ pé ọwọ́ òun ni yóò fi fìlà dé òrìṣà lórí, ẹnu wo ni yóò fi máa gbàdúrà lọ́jọ́ kejì? Ó ti agolo sẹ́yìn àwọn tíúbù àtijọ́, ó bẹ Ọlọ́run fún ìyókù. Nígbà tí Ọdẹ́yẹmí dé, kò bèèrè agolo, nítorí kò mọ̀ pé ó wà. Ó da epo náà láti orí dé ẹsẹ̀ láìṣahun, kí Ògún má baà rò pé ilé náà ti di ahoro.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án yìí, Raheem gbé táyà méjì wá, èrò mẹ́rin sì ń dúró de ọkọ̀. Ojúọlá tan ẹ́ńjìnnì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì Àgbà lábẹ́ ahọ́n. Ó ti kì í lẹ́ẹ̀mẹ́fà nígbà tí Ọdẹ́yẹmí yọ láti ọ̀nà oko pẹ̀lú iṣu lórí kẹ̀kẹ́. Ojúọlá kúnlẹ̀ kí i. Ọkùnrin náà bi í léèrè ara Fadékẹ́, ó bèèrè ilé ìwé, ó sọ nípa ọ̀bọ tó wọ oko àgbàdo. Ojúọlá ń dáhùn, àmọ́ iye tó kà ti sọnù mọ́ ọn lórí. Ṣé ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ni? Àbí ó ti kọjá mẹ́wàá?

Bẹ́líìtì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ọdẹ́yẹmí yí ojú sí i. Ó tẹ́tí, ó rìn sún mọ́ táǹkì, ó bèèrè ohun tó fà á tí kò fi sín. Ojúọlá ní ó ti ń dákẹ́ láti ọjọ́ ọdún. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní oorun ni, ó yó jù, òun yóò jí i. Ó mú òòlù nílẹ̀, ó fẹ́ fi lu imú bàbà náà.

Nígbà náà ni gbogbo rẹ̀ dà pọ̀ mọ́ Ojúọlá lójú: abọ́ tó là, hóòsì tó le, ọ̀rọ̀ orí ibùsùn. Bí ó bá sọ̀rọ̀, Àgbà di ti Sósàn. Bí kò bá sọ̀rọ̀, kò mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé òòlù yẹn sílẹ̀," ó ní. "Ẹ kúrò níbẹ̀. Bàbá Fadékẹ́ ní kí n sá."

Kò sí ìgbà tó ti bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ báyẹn rí. Ó yà á lẹ́nu débi pé ó gbé òòlù sílẹ̀ lóòótọ́. Ojúọlá pa ẹ́ńjìnnì. Ó lé gbogbo wọn kọjá gọ́tà, Raheem, èrò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti olórí ilé pẹ̀lú iṣu rẹ̀. Ó na hóòsì títí dé ibi tó gùn dé, ó kọjú ẹnu rẹ̀ sókè, ó rọra tẹ̀ ẹ́. Atẹ́gùn ń jáde, kò tán, ó tún ń jáde. Apá ń ro ó. Kò gbàdúrà, ó gbàgbé.

Raheem ló pe Yẹ̀kínì lórí fóònù, ẹni tó ń tún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe ní Ìkàrẹ́, tí ó sì mọ Àgbà dáadáa. Nígbà tí ó dé, kò fọwọ́ kan nǹkan kan títí ó fi dá a lójú pé táǹkì ti ṣófo. Ó tú ìdérí kékeré kan nísàlẹ̀ táǹkì, omi pupa bí omi pòròpòrò ṣàn jáde. Ó mi orí, ó ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló yẹ kí wọ́n máa tú omi yẹn, kí ó má baà jẹ irin láti inú. Lẹ́yìn náà ló tú imú bàbà, ó fa òrùka rẹ̀, kò mira. Ó fi ìṣó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ha inú rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó nà án sí wọn. Epo pupa ni. Òtútù orí òkè ti mú un dì, eruku títì ti wọ̀ ọ́, ó le bí ọṣẹ.

"Màmá Fadékẹ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run," ó ní. "Ibi kan ṣoṣo tí nǹkan yìí lè gbà mí èémí ló dí. Òòlù kan péré ló kù kí táǹkì bú gbàmù."

Ọdẹ́yẹmí wo òòlù nílẹ̀, ó gbójú kúrò. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ nígbà tó sọ pé kò yé òun: ọdọọdún ni wọ́n ń da epo, láti ayé àbúrò òun, kí ló dé tí kò dí rí? Yẹ̀kínì náà kò lè sọ ọ́. Òun ló fi imú yẹn síbẹ̀ ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, láti ìgbà náà ló sì ti ń sín.

Ojúọlá rìn lọ sẹ́yìn àwọn tíúbù àtijọ́. Ó fa agolo náà jáde. Ìta rẹ̀ ti pọ́n, epo ọdún lórí epo ọdún. Ó yí ẹnu rẹ̀ sójú ìmọ́lẹ̀: inú mọ́ tónítóní. Ó gbé e dé ibi tí imú ti kúrò lórí táǹkì. Ó bá a mu rẹ́gí.

"Kò sọ fún mi," ó ní. "Mo rò pé ti òrìṣà ni. Èmi ni mo gbé e pa mọ́."

Ó ń dúró kí Ọdẹ́yẹmí ní kí wọ́n gbé Àgbà lọ sí Sósàn. Ọdẹ́yẹmí gba agolo lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo inú rẹ̀ pẹ́, bí ẹni tó ń wá àbúrò rẹ̀ níbẹ̀.

"Ìyàwó, kò sọ fún èmi náà. Lọ́dún tó ń bọ̀, ìwọ máa di agolo mú, kí n da epo. Àgbà kò ní kúrò níbí."

Yẹ̀kínì fi imú tuntun síbẹ̀ àti aago tuntun. Ó ní kí Ojúọlá máa fa òrùka náà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó bá ń fà á. Ojúọlá gbọ́wọ́ lé táǹkì, ó kì í, ó dé ìparí, kò sì mọ orúkọ tí yóò fi parí rẹ̀ lójú ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tan ẹ́ńjìnnì. Ọwọ́ aago tuntun ń gòkè díẹ̀díẹ̀, gbogbo wọn ń wò ó láti òdìkejì gọ́tà.

Fìn-ìn-ìn.

Ọdẹ́yẹmí fò sókè, iṣu sì já bọ́ láti orí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Raheem ní kàtá ti padà. Ojúọlá di ẹnu mú, kò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló ń rín tàbí ẹkún ló ń sun.