Ìpínrọ̀ Karùn-ún

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Girish Naithani fi ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní irú ènìyàn tó yẹ kí wọ́n jẹ́. Ẹ má rò pé mo ń ṣe àsọdùn. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn ní Vijaypath, ilé ẹ̀kọ́ kan ní Dehradun, níbi tí àwọn tó fẹ́ di ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun ti ń múra sílẹ̀ fún àyẹ̀wò ọlọ́jọ́ márùn-ún. Nínú àyẹ̀wò yẹn, ìwà ni wọ́n ń wò. Wọ́n á gbé ọ̀rọ̀ kan sójú ògiri, o ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti fi kọ gbólóhùn tó kọ́kọ́ sọ sí ọ lọ́kàn, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ mìíràn á dé, títí á fi pé ọgọ́ta. Tó bá parí, wọ́n á ní kí o kọ ìpínrọ̀ márùn-ún nípa ara rẹ: ohun tí àwọn òbí rẹ ń sọ nípa rẹ, ohun tí àwọn olùkọ́ rẹ ń sọ, ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ, ohun tí ìwọ fúnra rẹ mọ̀, àti ohun tí o fẹ́ dà.

Òtítọ́ ni ìgbìmọ̀ tó ń ṣe àyẹ̀wò náà ń fẹ́. Àmọ́ níbi tí wọ́n ti ń gba lẹ́sìn lórí ohun gbogbo, ta ló máa gbé òtítọ́ lásán lọ síwájú ìgbìmọ̀? Wọ́n ń gba lẹ́sìn lórí òtítọ́ náà, Girish ni olùkọ́ wọn. Bí ọ̀rọ̀ ojú ògiri bá jẹ́ "ìbẹ̀rù," ó ti kọ́ wọn kí wọ́n kọ pé, "Ìmúrasílẹ̀ ń mú ìbẹ̀rù kúrò." Bó bá jẹ́ "ikú," kí wọ́n kọ pé, "Àwọn jagunjagun fi ikú wọn dá ìlú wa sí." Ó ti tẹ ìwé pélébé tí ẹgbẹ̀rún méjì ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sì wà níwájú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ ń há a sórí nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n ń há a sórí nílé ìwẹ̀.

Òun náà ti lọ síwájú ìgbìmọ̀ yẹn nígbà èwe rẹ̀, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀ẹ̀marùn-ún náà ni wọ́n sì dá a padà. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Bartwal tó fẹ̀yìn tì, tó dá Vijaypath sílẹ̀, fi ìyẹn gbà á síṣẹ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Ó lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún!" ló sọ. "Ta ló tún mọ ọ̀nà náà jù ú lọ?"

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù kọkànlá, Kọ́nẹ́ẹ̀lì pè é sí ọ́fíìsì, ó bu tíì fún un.

"Naithani, mo fẹ́ ṣí ẹ̀ka tuntun ní Lucknow. Ìwọ ni màá gbé e lé lọ́wọ́. Ọ̀gá pátápátá ni wàá jẹ́ níbẹ̀. Ọdún mẹ́wàá la máa tọwọ́ bọ̀wé fún. Kí lo rí sí i?"

"Ẹ ṣeun, sà."

"Ta ló ní kó o dúpẹ́? Ṣé o fẹ́ àbí o ò fẹ́?"

Girish wá "bẹ́ẹ̀ ni" kiri nínú ara rẹ̀, kò rí i. Ó wá "bẹ́ẹ̀ kọ́," kò rí ìyẹn náà.

"Ẹ jẹ́ kí n rò ó wò, sà."

"Rò kí ni wò? Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, kò láya, kò bímọ, kódà kò sin ajá. Kí ló dì ẹ́ mú níbí? Ó dáa, àárọ̀ Mọ́ńdè ni mo fẹ́ gbọ́ èsì."

Kọ́nẹ́ẹ̀lì kò ní i lọ́kàn láti bú u. Òótọ́ ló kàn sọ, òótọ́ ọ̀hún sì bá Girish dé ilé. Yàrá kan ló ń gbé lókè ilé obìnrin opó kan ní Ballupur. Ó da ìrẹsì àti dáàlì, irú ẹ̀wà kékeré kan, pọ̀ sínú ìkòkò kan bó ṣe máa ń ṣe, ó sì jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Ẹ̀rù ń bà á. Lucknow kọ́ ló ń bà á lẹ́rù o. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé wọ́n bi í ní ohun tó fẹ́, kò sì sẹ́ni tó dáhùn nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Bó bá sì tọwọ́ bọ̀wé báyìí, á pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta kí ẹnikẹ́ni tó tún bi í.

Èèyàn mìíràn á lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ ọ́, tàbí kó lọ jókòó ní tẹ́ńpìlì. Girish pinnu láti yẹ ara rẹ̀ wò bí ìgbìmọ̀ ṣe ń ṣe é. Iṣẹ́ tó mọ̀ nìyẹn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó lọ sí kíláàsì tó ṣófo. Ó tan ẹ̀rọ tó ń gbé ọ̀rọ̀ sójú ògiri, ó sáré lọ jókòó sórí àga àwọn ọmọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ọ̀rọ̀ ń dé, ó ń dáhùn. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kì í tán kó tó parí gbólóhùn rẹ̀. Nígbà tó pé ọgọ́ta, ó mú bírò pupa, ó máàkì ara rẹ̀. Ó gba gbogbo rẹ̀, kò sí ọ̀kan tó kù díẹ̀ káàtó. Ká ní ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni, ì bá ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ó tún un kà. Ìkẹrìnlélọ́gbọ̀n ni "ìyá." Ohun tó kọ síwájú rẹ̀ ni, "Ìyá ni olùkọ́ àkọ́kọ́."

Bhopal ni Girish wà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ìlọ rẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹrin síwájú ìgbìmọ̀ ni, ọjọ́ kẹta àyẹ̀wò ni wọ́n pè é láti abúlé pé ìyá rẹ̀ ti kú. Wọ́n ti kọ́ ọ pé ọ̀gá ológun kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín, ló bá dúró di ọjọ́ karùn-ún, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n dá a padà. Kó tó délé, wọ́n ti sun òkú ìyá rẹ̀, eérú rẹ̀ ti wọ odò. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yọ lójú ògiri lọ́sàn-án yìí, kò rántí ìkankan nínú rẹ̀. Ìwé pélébé ló rántí. Girish gbé bírò pupa sílẹ̀, ó bú sẹ́kún nínú kíláàsì, òun nìkan, láàárín ọgọ́rin àga.

Nígbà tó nu ojú tán, ó fa ìwé tuntun jáde fún ìpínrọ̀ márùn-ún. Òbí rẹ̀ méjèèjì ti kú. Kò rántí ohun tí olùkọ́ kankan sọ. Ó wá dórí àwọn ọ̀rẹ́. Ó mú fóònù, ó ń wá orúkọ, àwọn ọmọ tó ti kọ́ nìkan ló ń rí: Rohit ẹgbẹ́ kọkànlélógójì, Manpreet ẹgbẹ́ kejìdínlógójì, Suhail ẹgbẹ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Ó wá a títí dé ìsàlẹ̀. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn ló wà nínú fóònù yẹn, kò sí ọ̀rẹ́ kan níbẹ̀. Níkẹyìn, ó pe Sarojini, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó máa ń pè ní Dìdì, tó wà lábúlé lókè Pauri.

"Giru? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Dìdì."

"Látìgbà ọdún Rakhi, nínú oṣù kẹjọ, o ò pè mí. Bí kò bá sẹ́ni tó kú, a jẹ́ pé ara ẹ ò yá."

"Ara mi le. Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan ni. Kí ni Ìyá máa ń sọ nípa mi?"

"Háà! O ti mutí ni, lọ́sàn-án gangan?"

"Dìdì, ẹ jọ̀ọ́."

"Ó máa ń sọ pé o ò mọ bí wọ́n ṣe ń dọ́gbọ́n sọ̀rọ̀. Ṣé o rántí ọjọ́ ìgbéyàwó mi? Bàbá ọkọ mi gbé ẹ lé itan, ó ní ṣé ọkọ ẹ̀gbọ́n ẹ wù ẹ́. Gbogbo wa ń ṣẹ́jú sí ẹ. O ní imú ẹ̀ ti gùn jù!"

"Èmi?"

"Ìwọ, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án! Ìyá fẹ́ẹ̀ wọlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n tó bá ń sọ ọ́ fáwọn èèyàn, ẹ̀rín ló máa ń rín. Ó ní nínú ilé yìí, ọmọ kan ṣoṣo ló wà tí òun lè bi ní nǹkan kí òun sì gba èsì ẹ̀ gbọ́."

"Ta nìyẹn?"

"Ìwọ náà ni, òpònú! Ọ̀rọ̀ ta la ti ń sọ bọ̀?"

Girish kò rántí ọmọ náà rárá. Ó ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn ọmọ aládùúgbò tó ti kó lọ. Ó wù ú kó mọ ọmọ yẹn. Ó dùn ún pé kò mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn tí Dìdì gbé fóònù sílẹ̀, ó kọ ìpínrọ̀ kìíní bí ó ṣe gbọ́ ọ, títí kan ọ̀rọ̀ imú. Ó fi èkejì àti ẹ̀kẹta sílẹ̀ lófìfo. Sí ẹ̀kẹrin, ó kọ pé, "Mi ò sin ìyá mi." Ó wá dé ìpínrọ̀ karùn-ún, ohun tó fẹ́ dà. Ó jókòó tì í títí oòrùn fi wọ̀, kò rí ohunkóhun kọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ìpínrọ̀ yẹn ló ti bá àwọn ọmọ ọlọ́mọ tún ṣe.

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, Kọ́nẹ́ẹ̀lì ti gbé ìwé àdéhùn kalẹ̀ lórí tábìlì, gègé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Lucknow ńkọ́?"

"Mi ò lọ, sà. Mo sì fẹ́ fi iṣẹ́ ibí náà sílẹ̀."

Kọ́nẹ́ẹ̀lì gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. "Ta ló fẹ́ gbà ẹ́? Àwọn tó ń bá wa díje ní Chandigarh yẹn ni?"

"Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà mí, sà."

"Kí wá lo fẹ́ ṣe?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"Àgbàlagbà bíi tìẹ! Bí ọmọ kíláàsì ẹ bá fún ìgbìmọ̀ nírú èsì yìí, kí ni wọ́n máa ṣe fún un?"

"Wọ́n á dá a padà, sà."

"O sì mọ̀!"

"Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n dá mi padà, sà. Ohun tí wọ́n kọ́ mi ni mo gbé lọ síwájú wọn lẹ́ẹ̀marààrún. Èmi fúnra mi ò tíì débẹ̀ rí."

"Parí oṣù yìí," ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì sọ níkẹyìn, ó sì fa ìwé àdéhùn náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Girish jáde. Àwọn ọmọ ti ń tò sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, wọ́n kí i, ó kí wọn. Ó ń ṣe é bíi pé ó ti ṣe ohun ńlá kan, kò sì rí ẹni tó máa sọ ọ́ fún láàárín gbogbo wọn. Ó gba ẹ̀yìn ilé lọ sídìí àtẹ̀gùn, ó pe Dìdì. Fóònù dún títí ó fi dákẹ́. Ó mọ̀ pé ìdí màlúù ló máa wà ní irú àkókò yìí, ọwọ́ rẹ̀ á ti kún fún wàrà. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó tún un pè.