Èdè Tí Àìsàn Ò Gbà

Dókítà nàka sí obìnrin tó jókòó ti ibùsùn, ó sì bi bàbá arúgbó náà pé kí ni obìnrin náà jẹ́ sí i. Èdè ìlú òkèèrè tí wọ́n ń gbé ló fi bi í. Bàbá ń wo ẹnu rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń wo ẹja tó ń lanu nínú dígí. Nígbà tó sú u, ó yíjú sí obìnrin náà.

“Kí ló ń wí?”

“Ó ní… kí ni mo jẹ́ sí yín,” ni obìnrin náà fi Yorùbá sọ, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn.

“Ṣé kì í ríran ni? Ọmọ mi ni ẹ́.”

Ìyẹn yé e. Ó sọ ọ́ fún dókítà, nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́yìn sì tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà. Ilé ìwòsàn ti wá ògbufọ̀ tó gbọ́ Yorùbá títí, wọn ò rí. Obìnrin náà nìkan ló kù.

Aránbàtà ni. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́, àwọn méjèèjì sì ti jọ ń jókòó nínú ìsọ̀ kan ṣoṣo láti ọjọ́ pípẹ́, bàbá ń fi òòlu lu awọ, ọmọ ń lẹ àtẹ́lẹ̀ bàtà. Èdè ìlú ni wọ́n ń bára wọn sọ. Yorùbá tí ọmọ gbọ́ kò ju èyí tó ń já bọ́ lẹ́nu bàbá nígbà tí òòlu bá gún un lọ́wọ́, kò sì sí ọ̀kan tó ṣeé sọ níwájú dókítà nínú rẹ̀.

Bàbá ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà wà ní kékeré, tí kì í tètè dáhùn ní kíláàsì, olùkọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ pe bàbá, ó ní èdè méjì ló ń lọ́ ọ láhọ́n. Ìyá ti kú, kò sẹ́ni tí wọn ì bá jọ gbìmọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ọmọ bá fi Yorùbá tọrọ omi, bàbá á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ títí ọmọ á fi fi èdè ìlú tọrọ rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọmọ fi gbàgbé bí wọ́n ṣe ń tọrọ omi.

Àfi bí rọpárọsẹ̀ ṣe dé. Ó mú apá ọ̀tún, ó mú ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì kó èdè ìlú lọ ráúráú, bí olè tó mọ ohun tó wá gbé. Yorùbá nìkan ló ṣẹ́ kù. Àwọn nọ́ọ̀sì rò pé ìrànrán ló ń sọ. Ni aránbàtà bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè bàbá rẹ̀ lẹ́nu àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, lórí fóònù.

“O ní bàbá ẹ ń sun? Ta ló ń sun ún? Ó ń sùn! Fi ohùn ẹ wálẹ̀!” Àǹtí rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. “Ẹ̀gbọ́n mi ló jẹ̀bi. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.”

Dókítà ti dé orí ìbéèrè tí wọ́n torí ẹ̀ pé jọ. Ṣé bàbá fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ lọ sílé ni, àbí kí wọ́n wá àyè fún un nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó? Ohun tó bá sọ ni wọ́n máa ṣe. Aránbàtà túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe mọ. Bàbá dáhùn.

“Mi ò fẹ́ kí n di ẹrù lé e lórí.”

Aránbàtà gbọ́ “mi ò fẹ́.” Ó gbọ́ “ẹ̀rù.” Ìyókù sáré kọjá létí rẹ̀. Ó so èyí tó rí mú pọ̀.

“Ó ní òun ò fẹ́,” ló sọ fún dókítà. “Ó ní ẹ̀rù ń ba òun.”

Ọwọ́ nọ́ọ̀sì dúró lórí kọ̀ǹpútà. Dókítà fa àga rẹ̀ sún mọ́ aránbàtà, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ lọ́nà tó burú ju ìbínú lọ.

“Ṣé ẹnikẹ́ni ń fìyà jẹ bàbá yín nílé?”

Ẹyin lọ̀rọ̀. Ó rí i bó ṣe ń já bọ́ lọ sílẹ̀. Ó lè pa á dà. Ó lè sọ pé bàbá fẹ́ bá òun lọ sílé, kò sì sẹ́ni tó máa mú un nínú yàrá yẹn. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Ohun tó jáde yàtọ̀.

“Ẹ dákun, ẹ dúró. Mi ò gbọ́ èdè bàbá mi dáadáa.”

Kò sọ bẹ́ẹ̀ síta rí. Ojú tì í bí ẹni tí aṣọ já lára rẹ̀ ní gbangba. Ó yíjú sí bàbá.

“Bàbá, ẹ̀rù kí ni? Ṣé ẹ̀rù mi ni?”

Bàbá tẹjú mọ́ ọn.

“Ẹ̀rù kọ́. Ẹrù.”

Ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ó gbé e lé orí ọmọ rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ọrùn rẹ̀ fi tẹ̀.

“Ẹrù. Wí i.”

“Ẹ̀rù.”

“Rárá. Ẹrù.”

“Ẹrù.”

“Ẹ̀n-ẹ́n.”

Ọwọ́ náà ṣì wà lórí rẹ̀ nígbà tó yé e irú ẹrù tó jẹ́, àti ẹni tí ẹrù náà jẹ́. Ó wá ọ̀rọ̀ tó máa fi dáhùn. Àǹtí ò tíì kọ́ ọ débẹ̀.

“Ẹ ò wúwo,” ló wí.

Bàbá mí kanlẹ̀.

“O ò mọ irọ́ pa ní Yorùbá.”

Ó mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó fi nu ojú ara rẹ̀, ó sì wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kú lábẹ́ aṣọ ìbora.

“Ó dáa,” ló wí nígbẹ̀yìn. “Ká máa lọ sílé.”

Aránbàtà ti dìde. Ó ti ń wo abẹ́ ibùsùn, ó ń wá bàtà bàbá rẹ̀.

“Kí ló sọ?” ni dókítà bi í.

Ó gbójú sókè, ó la ẹnu. Ìgbà náà ló tó mọ̀ pé òun ò tíì túmọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, àní fún ara òun pàápàá: ní Yorùbá ló ti yé òun.