Sítíárìn Tó Ń Yí Ẹ̀pẹ́

Ìyá Bọ́lá, jókòó kí n tó gbàgbé àlá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lá yìí. Mo wà nínú ọkọ̀ ojú omi mi létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, mò ń pààrọ̀ wáyà tó so sítíárìn mọ́ ìtọ́kọ̀ tó wà nídìí ọkọ̀. Èrò ti kún inú ọkọ̀, wọ́n ń kùn. Mo ń fa wáyà àtijọ́, kò tán, aṣọ tí àwọn aládùúgbò wa sá sì ń bá a jáde. Mo ká aṣọ náà fún èrò kí wọ́n bá mi dì í mú, mo wá fi wáyà tuntun sí i.

Bí mo ṣe yí sítíárìn sọ́tùn-ún, ọkọ̀ ò mì. Ìlú ló yí. Ilé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, gbogbo wọn rọra ń kọjá níwájú wa. Bàbá àgbàlagbà kan ní, "Dẹ́rẹ́bà, ilé mi rèé, dúró kí n sọ̀." Ó sọ̀ sínú yàrá rẹ̀. Bí mo ṣe ń yí ìlú nìyẹn, tí wọ́n ń sọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ku èmi nìkan. Ni màmá mi tó ti kú bá kọjá, ó ń dín àkàrà. Ó pariwo, "Àkànní, rọra o! Epo wà lórí iná!"

Mo ní, "Ẹ má bínú, mà." Mo di sítíárìn mú, ìlú ò dúró. Màmá mi tún yípo dé, ó na àkàrà kan sí mi: "Tètè gbà á kí n tó kọjá."

Mo gbà á. Ó gbóná. N ò tíì gé e jẹ tí mo fi jí.