Fọ́ọ̀mù Tí Àṣà Gbọ́dọ̀ Bọwọ́ Lù

Ẹni tó bá gbé ẹrù tí kò mọ ìwọ̀n rẹ̀ rù, ọrùn ní í kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí fún Apàlọ́ lọ́jọ́ Ẹtì tó yẹ kó jáde nílé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà. Kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀ ni Apàlọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí kò sí ohun tó rí tí kì í fẹ́ tú palẹ̀. Bí wọ́n bá fún un ní kọ́kọ́rọ́, á kọ́kọ́ bèèrè bí wọ́n ṣe ṣe àgádágodo kó tó ṣílẹ̀kùn.

Ọdún márùn-ún ló ti lò níbẹ̀, gbogbo ìdánwò ló sì ti yege. Ìwé àpilẹ̀kọ rẹ̀ nìkan ló kù, ojú-ìwé igba ó lé mẹ́rìnlá, tó fi ọdún kan gbáko kọ, tó pe àkọlé rẹ̀ ní *Ìjíròrò Láàárín Ẹ̀kọ́ Ìgbàgbọ́ àti Àṣà Ìbílẹ̀*. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ ti kà á, ó ní ó dáa. Ilé-ìwé girama kan ti ń retí rẹ̀ kó wá máa kọ́ àwọn ọmọ ní Bíbélì, ṣùgbọ́n wọ́n ti là á mọ́lẹ̀ fún un: bí ìwé-ẹ̀rí kò bá jáde lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, àwọn á mú ẹlòmíì.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ló gbé ìwé náà dé fèrèsé Akọ̀wé Àgbà, obìnrin kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Ìyá Olóǹtẹ̀ lẹ́yìn, tí wọ́n ń pè ní “mà” lójú. Obìnrin náà mú òǹtẹ̀, ó gbé e sókè, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lófuurufú.

“Ta ni yóò bọwọ́ lu fọ́ọ̀mù rẹ̀ lápá kejì?”

“Apá kejì bí ti báwo, mà?”

“Ìwọ lo kọ àkọlé, kì í ṣe èmi. Ìjíròrò láàárín méjì. Òfin kẹtàdínlógún: ìjíròrò tàbí àdéhùn yòówù tó bá wọ ọ́fíìsì yìí, tọ̀tún tòsì ni yóò bọwọ́ lù ú. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti bọwọ́ lù ú fún Ẹ̀kọ́ Ìgbàgbọ́. Àṣà ńkọ́?”

Apàlọ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá Olóǹtẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, àṣà kì í ṣe ènìyàn.”

“Báwo lo ṣe wá bá a jíròrò?”

Nínú gbogbo ìbéèrè tí Apàlọ́ ti múra sílẹ̀ fún, kò sí ìyẹn níbẹ̀.

“Ṣé kí n bọwọ́ lù ú fún un, mà?”

“Ìwọ lo kọ ìwé. Èèyàn kì í ṣe ẹlẹ́rìí ara rẹ̀. Àwọn tó ṣáájú rẹ kọ̀wé lórí àwọn wòlíì, wọ́n kọ̀wé lórí lẹ́tà Pọ́ọ̀lù, kò sì sẹ́ni tó ní òun bá ẹnikẹ́ni jíròrò nínú wọn. Ìwọ lo fẹ́ yàtọ̀. Aago mẹ́rin ni mo ń ti fèrèsé.”

Ó gba ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n họ irùngbọ̀n. “Obìnrin yẹn jàre,” ó ní. “Mo wà nínú ìgbìmọ̀ tó ṣòfin yẹn. Àwọn tó wá kun ilé ìjọsìn la torí ẹ̀ ṣe é. Wọ́n ní àwọ̀ búlúù la ní kí wọ́n kùn ún.”

“Kí ni kí n ṣe báyìí, sà?”

“Wá Àṣà lọ. Tó o bá rí i, kó tètè máa bọ̀. Mo nípàdé láago márùn-ún.”

Apàlọ́ sáré lọ sí ilé tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí. Olùtọ́jú ibẹ̀, bàbá tín-ín-rín kan tó ń fi àkísà nu gíláàsì, gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ títí dópin. Kò yà á lẹ́nu rárá.

“Àwọn tó wà lọ́dọ̀ mi ti kú,” ló wí. “Wo ọjọ́ orí wọn lára gíláàsì. Òkú kì í bọwọ́ lùwé. Ààyè ni kó o wá lọ.”

“Báwo ni n ó ṣe mọ ààyè, bàbá?”

“Èyí tó bá ṣì ń bínú, ààyè nìyẹn.”

Aago kan ti lù nígbà tó délé. Ilé ọ̀hún, yàrá iwájú ìyá ìyá rẹ̀ ni, ẹni tó gbà á tọ́ látìgbà tó ti já lẹ́nu ọmú. Aránṣọ ni ìyá àgbà náà. Aṣọ àlùfáà ni iṣẹ́ rẹ̀: dúdú, funfun, elésè àlùkò, gbogbo wọn rọ̀ sára ògiri bí ìjọ tí kò lórí. Tábìlì gbọọrọ tó fi ń gé aṣọ ni Apàlọ́ fi kọ gbogbo ìwé rẹ̀, òun ní igun kan, àlùmọ́gàjí ní igun kejì. Píìnì mẹ́fà wà lẹ́nu màmá nígbà tí ọmọ ń rojọ́. Ó ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ta ni wọ́n ní kó wá?”

“Àṣà ni wọ́n ní kó wá, Màmá. Kì í ṣe ẹ̀yin.”

“Nígbà tí ìyá mi ń kọ́ mi níṣẹ́, a kì í ta abẹ́rẹ́ sáṣọ kí á má kọ́kọ́ bèèrè àlàáfíà ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kọ́ ìyá rẹ, ìyá rẹ kọ́ àbúrò ẹ̀. Kí lẹ ń pe irú ìyẹn níléèwé yín?”

Apàlọ́ rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. “Àṣà la ń pè é, Màmá.”

“Bá mi mú tépù mi.”

Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Apàlọ́ àti màmá wọ yàrá ìpàdé, níbi tí Ìyá Olóǹtẹ̀ ti ránṣẹ́ pe àwọn ọ̀gá wá. Ọ̀gá Àgbà ilé-ẹ̀kọ́ wà lórí àga, Ọ̀jọ̀gbọ́n wà lọ́tùn-ún rẹ̀, àwọn méjèèjì nínú aṣọ àlùfáà. Ìyá Olóǹtẹ̀ wà lósì pẹ̀lú bírò àti òǹtẹ̀ rẹ̀, ó ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé.

“Ẹ̀rí wo lẹ ní pé ẹ̀yin ni Àṣà?” ni Ìyá Olóǹtẹ̀ bi í.

Màmá wò ó látòkè délẹ̀. Ó yíjú sí àwọn ọkùnrin méjì náà, ó wo àwọn náà.

“Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ṣé bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nílé yín nìyí?”

Ká tó ṣẹ́jú, orúnkún Ìyá Olóǹtẹ̀ ti kanlẹ̀, bírò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀gá Àgbà tẹ̀ ba títí ibi tí ikùn rẹ̀ gbà á láyè dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti nà gbalaja.

“Ẹ̀rí yìí tó,” ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí láti ilẹ̀.

Ìkíni gba ogójì ìṣẹ́jú. Màmá bèèrè ìyá Ọ̀gá Àgbà, ó bèèrè ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá náà, ó bèèrè àwọn ọmọ Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dé orí èyí tó kọ̀ tí kò fẹ́ gbéyàwó, ó sì dúró níbẹ̀ dáadáa. Ìyá Olóǹtẹ̀ ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Apàlọ́ ń wo aago, ó ń wo fèrèsé.

“Màmá,” ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí níkẹyìn, “kí ni Àṣà rí sọ nípa oore-ọ̀fẹ́?” Ọ̀sẹ̀ méjìlá ló máa ń fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ohun tí oore-ọ̀fẹ́ jẹ́.

“Dìde. Gbọ́wọ́ sókè.” Màmá ta tépù yí i ní ìbàdí. “Nígbà tí mo rán aṣọ yìí fún ọ, ínṣì mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ìbàdí rẹ. Lónìí, o ti di mọ́kàndínlógójì. Báwo ló ṣe ṣì ń wọ̀ ọ́?”

“Ẹ ti tú u fún mi lẹ́ẹ̀mejì, mà.”

“Níbo ni mo ti rí aṣọ tí mo fi tú u?”

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ìbàdí ara rẹ̀.

“Inú rẹ̀ ló wà látìbẹ̀rẹ̀. Mo ká a pamọ́ sínú ojú rírán lọ́jọ́ tí o ṣì tín-ín-rín, tí ò ń ṣakọ kiri. O ò bèèrè, mi ò sì sọ fún ọ. Mo mọ̀ pé o máa sanra.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n ò sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀, bí ẹni tí olè dá lọ́nà. “Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀,” ló sọ fún Ìyá Olóǹtẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Mo ti kọ ọ́, sà. Ínṣì mọ́kàndínlógójì.”

Aago mẹ́ta ti kọjá. Ìyá Olóǹtẹ̀ ti fọ́ọ̀mù sọ́dọ̀ màmá pé kó bọwọ́ lù ú. Màmá mi orí. Ó ní òun kì í kó iṣẹ́ tí wọn ò tíì wọ̀ wò jáde nílé. “Kà á sí mi létí,” ló sọ fún ọmọ rẹ̀. “Bẹ̀rẹ̀ láti àárín, ibẹ̀ ni aṣọ ti ń fún èèyàn.”

Apàlọ́ ṣí orí kẹta. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ le, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí ó ti ń rí ohun tó wà níwájú. “‘Àṣà kò lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ó jókòó gẹ́gẹ́ bí odi, ó ń retí kí ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ fún un lẹ́nu...’”

Tépù rọ̀ lọ́rùn màmá.

“Níbo lo ti kọ èyí?”

“Lórí tábìlì yín, Màmá.”

“Mo wà nílé?”

“Ẹ wà nílé. Ẹ ń lọṣọ.”

“O bi mí ní nǹkan kan?”

“Rárá, Màmá.”

“Ọdún kan gbáko, ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí mi. O ránṣọ fún ẹni tí o ò wọ̀n.”

“Màmá, ẹ má bínú,” ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, “orí kẹta ni òpó ìwé náà. Èmi ni mo ní kó kọ ọ́.”

“Ìwọ náà? Ìwọ tí mo ti wọ̀n lẹ́ẹ̀márùn-ún, tí a jọ ń sọ̀rọ̀ títí ọ̀fun fi ń dùn mí?” Ó yí sí Ìyá Olóǹtẹ̀. “Tí mo bá bọwọ́ lu èyí, mo ti gbà pé mi ò lẹ́nu. Ṣé odi lè jẹ́rìí pé odi lòun?”

Ìyá Olóǹtẹ̀ ṣí ìwé òfin látìbẹ̀rẹ̀ dópin. “Òfin ò sọ nǹkan kan nípa ìyẹn, mà.”

Apàlọ́ rí i kedere. Bí màmá bá bọwọ́ lù ú, ìwé òun di irọ́. Bí kò bá bọwọ́ lù ú, ìwé òun di òfo. Irú kókó báyìí ló ti ń fayọ̀ tú láti kékeré, ṣùgbọ́n èyí ò dùn mọ́ ọn. Ojú màmá ni kò jẹ́ kó dùn: kò bínú, ó kàn ń wo ìwé náà bí ẹni ń wo aṣọ òde ẹlòmíì. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, ṣebí kò lè lákìísà bí àgbà. Òun jókòó ti gbogbo àkísà ayé fún ọdún kan, kò sì gbójú sókè.

Ó na ọwọ́ sínú báàgì iṣẹ́ màmá, ó mú àlùmọ́gàjí, ó gé orí kẹta kúrò. Ewé mẹ́rìnlélógún. Ọ̀jọ̀gbọ́n kérora bí ẹni pé ara rẹ̀ ni wọ́n gé.

“Orí mẹ́rin ló kù,” ni Ìyá Olóǹtẹ̀ wí kíá. “Òfin kẹsàn-án: kò gbọ́dọ̀ dín ní márùn-ún.”

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùndínlógún. Apàlọ́ wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀. “Mà, ojú-ìwé mélòó lẹ ti kọ láti ìgbà tí a ti dé?”

“Mọ́kàndínlógún. Ìkíni nìkan gba mọ́kànlá.”

“Ẹ fún mi.”

Ìyá Olóǹtẹ̀ wo Ọ̀gá Àgbà. Ọ̀gá Àgbà wo màmá. Màmá ti ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó rán àkọsílẹ̀ ìpàdé náà mọ́ àárín ìwé, ìyá Ọ̀gá Àgbà àti ẹsẹ̀ rẹ̀, ọmọ tí kò fẹ́ gbéyàwó, ínṣì mọ́kàndínlógójì, gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fa fọ́ọ̀mù sọ́dọ̀, kò mú bírò, ó fi òwú pupa ta kókó kan ní apá kejì.

“Bírò ni òfin wí, mà,” ni Ìyá Olóǹtẹ̀ sọ, ohùn rẹ̀ ò le mọ́.

“Ẹ̀yin méjèèjì,” ni màmá sọ fún àwọn ọkùnrin náà, “ẹ yí ọrùn aṣọ yín síta.”

Wọ́n yí i. Lẹ́yìn ọrùn ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kókó òwú pupa wà, kékeré, bí ojú ẹyẹ.

“Láti ogún ọdún ni mo ti ń bọwọ́ lù yín. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè bírò.”

Ìyá Olóǹtẹ̀ wo kókó ti Ọ̀gá Àgbà, ó wo ti Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó fi gíláàsì ojú rẹ̀ wo ti orí fọ́ọ̀mù. Ó wo aago: ó ku ìṣẹ́jú méjì. Òǹtẹ̀ dún gbì.

Apàlọ́ ò tíì mí tán tí obìnrin náà fi fa fọ́ọ̀mù mìíràn yọ. “Níwọ̀n ìgbà tí Àṣà ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ó di dandan kó máa wá sípàdé olùkọ́ ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Fọ́tò pélébé méjì, mà.”

“Ọjọ́ Ajé ni mo ń gba ìwọ̀n,” ni màmá wí, ó ń ká tépù rẹ̀. “Ẹni tó bá fẹ́ bá mi ṣèpàdé, kó wá. Kó sì bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ funfun wà nílẹ̀.”

Wọ́n wá. Lọ́jọ́ Ajé, bàtà mẹ́ta tò sẹ́nu ọ̀nà, Ìyá Olóǹtẹ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ìwé rẹ̀, Ọ̀gá Àgbà ń dúró de ipò rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n sì wà láàárín ilé, ọwọ́ rẹ̀ lókè. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni Apàlọ́ máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́. Ó jókòó ní igun tirẹ̀ lára tábìlì, ó ṣí ìwé tuntun, ó wo màmá tí píìnì kún lẹ́nu rẹ̀.

“Màmá, báwo lẹ ṣe ń mọ iye aṣọ tó yẹ kẹ́ ẹ ká sínú ojú rírán?”

Màmá yọ píìnì kan, ó yọ èkejì, títí gbogbo rẹ̀ fi tán lẹ́nu rẹ̀.

“Ṣé o ti kí mi láàárọ̀ yìí?” ló bi í.