Àlejò Ìyá Jẹ́jẹ́

Bí ọmọ ọwọ́ pàápàá bá wọ ṣọ́ọ̀bù onídìrí yìí, "Ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó" ló máa kí i. Àwọn oníbàárà á rẹ́rìn-ín títí. Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ má dá mi lẹ́bi, ìyá mi ni mo fi jọ."

Òótọ́ ni. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Jẹ́jẹ́, kò mọ "ìwọ" í pè. "Ẹ" ni fún àgbà, "ẹ" ni fún ọmọdé, kódà "ẹ" ni fún ewúrẹ́ tó bá dí i lọ́nà: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi díẹ̀." Bó bá fẹsẹ̀ kọ àga, á bẹ àga. Bó bá ti òde dé, á kan ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀, á ní, "Ẹ kú ilé o!" nígbà tí kò sí eṣinṣin kan nínú ilé. Ojú a máa ti ọmọ rẹ̀ tó wá di onídìrí yìí nígbà náà.

"Màmá, ta lẹ̀ ń kí?"

"Ilé tó ń dúró dè wá látàárọ̀, ṣé kò tó ẹni à ń kí ni?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì ti ọ̀dọ̀ aránṣọ dé. Ìyá kan ilẹ̀kùn. "Ẹ kú ilé o!"

Ohùn ọkùnrin kan dáhùn láti pálọ̀: "Ẹ káàbọ̀, mà!"

Àyà ọmọbìnrin náà já. Wọ́n wọlé, wọ́n bá géńdé kan tó dúró láàárín pálọ̀, ó há rédíò wọn mọ́ abíyá. Fèrèsé ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹni tí wọ́n bá fi ìkíni kọ́ láti kékeré, ẹnu rẹ̀ kì í gbàgbé. Ìkíni ti bọ́ lẹ́nu olè kó tó rántí pé olè lòun.

Ojú Ìyá Jẹ́jẹ́ tàn. "Áà! Ẹ̀yin ni ọmọ mi ọkùnrin ní òun máa rán wá tún rédíò ṣe? Ẹ kú ìdúró o."

"Èmi... èmi ni, mà. Mo fẹ́ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ni."

"Nínú oòrùn yìí? Ká má rí i! Ẹ jókòó."

Ọmọbìnrin ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá ní, "Ẹ jẹ́ kí àlejò mí ná." Ó fún un ní omi tútù, ó sì wá nǹkan tó máa fi tú rédíò fún un.

"Màmá yín ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ kì í dùn wọ́n?"

"Orúnkún ni, mà."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ bá mi kí wọn."

Òógùn bo olè. Ó tú ẹ̀yìn rédíò, ó bá ìpẹtà níbi tí bátìrì ń jókòó sí, ó ha á kúrò. Rédíò tó ti yadi tipẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó rẹ́rìn-ín bí ọmọ tó yege ìdánwò.

Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin yìí, tó jẹ́ mẹkáníìkì, wọlé. "Màmá, ta nìyí?"

"Ẹni tí ẹ rán wá ni."

"Èmi? N ò rán ẹnì kankan!"

Kó tó pa ẹnu dé, olè ti bẹ́ síta. Ẹ̀gbọ́n gbá tẹ̀lé e. Ìyá Jẹ́jẹ́ pariwo láti ẹnu ọ̀nà: "Ẹ rọra o! Àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ yẹn ti sán!"

"Ẹ ṣé, mà!" Olè fo àtẹ̀gùn náà, ó di àwátì. Ọmọ bíbí inú Ìyá Jẹ́jẹ́ tí kò fetí sí i ló ṣubú yakata.

Bí wọ́n ti ń fi aṣọ tútù tẹ̀ ẹ́ lórúnkún, ó ń kùn. "Màmá, olè lẹ fún lómi mu!"

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Fèrèsé ṣí sílẹ̀, n ò sì fọ́jú. Géńdé tó tó báyẹn! Ká ní mo pariwo, kí ni ì bá ṣe fún èmi àti àbúrò yín? Ẹni tó bá jókòó, tó mu omi, ara rẹ̀ á rọ̀." Ó nawọ́ yí ohùn rédíò sókè. "Ó tiẹ̀ mọ iṣẹ́."

Ẹ̀rín pa ọmọbìnrin náà dé ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ bínú, kò rí i bí.