Kóró Kòkó Tó Wá Láti Ilé Àna Mi

Ẹ wá gbọ́ àlá tí mo lá lóru àná, kí ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò. Mo bá ara mi níbi iṣẹ́ wa, níbi tí a ti ń wọn omi inú kòkó kí wọ́n tó rà á. Ilé náà ti kúrò nílẹ̀, ó ń léfòó lókè igbó, ṣùgbọ́n kálukú ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Kòkó bàbá ìyàwó mi ló kàn. Bí omi inú rẹ̀ bá pọ̀ jù, wọ́n á da gbogbo rẹ̀ nù, Bàbá yóò sì wá mú ọmọ wọn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ̀rọ wa ṣe ń ṣiṣẹ́. A ó dé kòkó pinpin sínú ìgò, a ó gbé e sí iná. Omi inú rẹ̀ á di oorù, gáàsì gbígbẹ tí à ń fẹ́ wọlé á gbé oorù náà gba inú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀rọ á wá ya òkè sórí bébà. Bí omi bá ṣe pọ̀ tó ni òkè á ṣe ga tó.

Ilẹ̀kùn ṣí, kóró kòkó kan wọlé. Ó dé fìlà, ó sì bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

“Àna yín ló ní kí n máa bọ̀,” ó ní. “Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.”

“Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ kú oòrùn.”

Ẹni tó ti ilé àna ẹni wá, ṣé a máa wò ó níran ni? Mo bu omi tútù fún un. Ó mu ún tán, ó súre fún mi, ó wọ inú ìgò, ó sì fúnra rẹ̀ fa ìdérí dé.

Ni ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya òkè. Òkè náà kún bébà, ó gun ògiri, ó lu àjà já. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, n kò rí irú rẹ̀ rí.

“Ta ló fún un lómi?” ẹ̀rọ bi mí.

“Èmi ni. Ṣé àlejò á wọlé ká má fún un lómi?”

“O ṣe bí ọmọlúàbí,” ó ní, “ṣùgbọ́n o ti ba kòkó jẹ́.”

Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Akínsìkú, jáde wá pé kí wọ́n da kòkó náà nù. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ń bẹ̀ wọ́n. Kí n tó gbójú sókè, ọ̀gá ti di ewúrẹ́, wọ́n ń jẹ òkè náà láti ìdí. Inú mi dùn, mo ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

“Àna rẹ ló ń bọ̀ lókè yẹn,” ewúrẹ́ ní, ó ṣì ń jẹun lọ.

Mo wòkè. Bàbá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè náà, wọ́n ti fa ìyàwó mi lọ́wọ́, àwọn méjèèjì kò sì wo ojú mi. Mo ké pe ìyàwó mi.

“Bàbá Tóyèbí, ẹ dìde.” Ìyàwó mi ló ń jí mi. “Bàbá mi ti dé láti oko, wọ́n wà ní pálọ̀. Ẹ bu omi fún wọn.”

Mo bu omi, mo kúnlẹ̀ níwájú wọn. Bàbá na ọwọ́, wọ́n di ife mú, èmi náà ò jọ̀wọ́ rẹ̀.

“Bàbá,” mo ní, “ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ti wọ̀n yín?”